Ẹni Tó Fẹ́ Gbá Ilẹ̀kùn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Bí Fíìmù Adẹ́rùbani Ṣe Ń Mú Wa Lọ́kàn

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà ooru yìí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí àyà má baà já ẹnikẹ́ni. Mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀ níta. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi lónìí, yóò fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn yín yẹn gbàgà, lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò ní sọ ìgbà tí yóò ṣe é. Ó lè jẹ́ nísinsìnyí, ó lè jẹ́ ìgbà tí mo bá ń dágbére. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé kan ṣoṣo ló ní fídíò ládùúgbò wa. Bó bá di alẹ́ Sátidé, a ó tó ọmọ ogún lórí ẹní ìyá onílé. Ìgbà yẹn ni Agbára Ńlá tí Mike Bamiloye àti àwọn ará Mount Zion ṣe ń jà ràn-ìn. Ẹ dárúkọ Ayamatanga fún ẹni tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n fíìmù mìíràn ni mo fẹ́ sọ, mi ò tiẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Obìnrin kan ń rìn lọ síbi ilẹ̀kùn kan lóru, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kan sì ń họ ilẹ̀kùn náà láti inú lọ́hùn-ún. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Wọ́n mú iná lọ.

Òkùnkùn birimùbirimù bo gbogbo wa. Tẹlifíṣọ̀n ti kú, ohun tó ń họ ilẹ̀kùn ti dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun ẹní. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tọ̀ sára torí kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tó wákàtí kan kí iná tó dé. Fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ohun tó jáde sì ni ọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹfun àti èédú kùn lójú, tí wọ́n so ìyẹ́ adìẹ mọ́ lórí. Aláwàdà kan tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa ni! Ẹ̀rín la bú sí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lójú mi, ńṣe ni wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Ohun tí olùdarí yẹn ní lọ́wọ́ kò ju ẹfun, èédú àti ìyẹ́ adìẹ lọ. Ohun tí àwa ọmọ ogún kó sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn láàárín wákàtí kan, kò sí owó tó lè rà á. Kókó tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn: irin iṣẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ni àkókò. Kí ni òǹwòran mọ̀? Ìgbà wo ló mọ̀ ọ́n? Báwo ni a ó ṣe jẹ́ kó dúró pẹ́ tó?

Èdè wa ti ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ kó tó di pé sinimá dé. Bí mo bá gbá tábìlì yìí lójijì, àyà yín á já. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tán, ẹ ó máa fi ara yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó lóru, tí fóònù kò lọ, tí aago mẹ́wàá lù, tí mọ́kànlá lù, ọkàn tirẹ̀ ni kò balẹ̀. Àyà jíjá rọrùn, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìlù ńlá lè ṣe é. Ọkàn àìbalẹ̀ ló gba ọgbọ́n.

Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Hollywood, ni mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ jù ú lọ. Ní ọdún 1962, François Truffaut, olùdarí fíìmù ọmọ Faransé, jókòó tì í fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó mú wá rèé, n ó sọ ọ́ lọ́nà tiwa. Ènìyàn méjì jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì, wọn ò mọ̀, àwa náà ò mọ̀. Ó bú gbàmù. Àyà wa já fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, a rí ẹni tó wá gbé bọ́ǹbù síbẹ̀. A rí aago lára ògiri. A mọ̀ pé aago kan géérégé ni yóò bú, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn méjèèjì tún jókòó, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó gbá pẹnárítì. Ọ̀rọ̀ tí à bá máa sùn lé lórí ti di ohun tí ara wa kò gbà mọ́. À ń fẹ́ pariwo pé, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọ̀dẹ̀ wọ̀nyí, ẹ wo abẹ́ tábìlì!"

Kò sí ohun tó fi kún eré náà ju ìmọ̀ lọ. Ọmọ ìrákòrò kì í bẹ̀rù ejò. Ẹni tó ti mọ ohun tí ejò ń ṣe ni ara rẹ̀ ń bù máṣọ.

Ẹ̀yin tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, mo rí i pé ẹ ti bojú wo ilẹ̀kùn. Kò tíì tó àkókò.

Hitchcock yìí kan náà ti ṣi bọ́ǹbù lò rí. Nínú fíìmù kan tó ṣe ní ọdún 1936, Sabotage, ọmọdékùnrin kan ń gbé bọ́ǹbù kiri ìlú London, kò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ó dúró wòran níbí, wọ́n dá a dúró lọ́hùn-ún, ó wọ bọ́ọ̀sì. Àwa mọ aago tí yóò bú. Ó sì bú, ọmọ náà kú. Inú bí àwọn òǹwòran. Hitchcock fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Truffaut pé òun ṣe àṣìṣe: bí o bá ti di ẹrù lé ènìyàn lórí tó bẹ́ẹ̀, o gbọ́dọ̀ bá a sọ̀ ọ́. Èmi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán o. Ikú ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n ṣì máa rántí fíìmù náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wí. Òǹwòran fi ọkàn rẹ̀ yá olùdarí ni, kò fi ta á lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Psycho, fíìmù rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1960. Ìran balùwẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún obìnrin kan pa, ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Odindi ọjọ́ méje ni wọ́n fi yà á, bẹ́ẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá: ọwọ́, ojú, ọ̀bẹ, omi, ẹsẹ̀, ọ̀bẹ, títí ojú kò fi ríbi dúró sí. Èso mẹ́lọ̀n ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún kí wọ́n tó rí ìró ara ènìyàn. Ṣokoléètì olómi ni ẹ̀jẹ̀, torí pé dúdú àti funfun ni fíìmù náà. Síbẹ̀, bí ẹ bá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó búra pé ẹ rí ibi tí ọ̀bẹ ti wọlé.

Ìran mìíràn ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn ikú obìnrin náà, Norman, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú òtẹ́ẹ̀lì, wá fọ balùwẹ̀. Ó ń fọ̀, ó ń nù, ó ń ṣan, a ń wò ó títí. Ó gbé òkú sínú bùútù ọkọ̀, ó ti ọkọ̀ náà sínú àbàtà. Ọkọ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. Òrùlé rẹ̀ ṣì wà lókè. Norman wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó wà lọ́kàn yín ní àkókò yẹn. Ẹ ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ náà rì! Ẹ̀yin ọmọlúàbí, ẹ̀yin tí obìnrin yẹn ti jẹ́ ẹni yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti bá wọn lọ́wọ́ nínú bíbo òkú mọ́lẹ̀. Hitchcock kò gbé iwin kankan jáde. Ó kàn dá ọkọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé Janet Leigh tó pa sí balùwẹ̀ yẹn ni gbajúmọ̀ tí àwọn ènìyàn torí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí fíìmù tó dé ìdajì, ó ti pa á. Ó tún pàṣẹ pé kí àwọn onísinimá má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbé wa pọ̀n ti kú, àwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ẹni tí a ó tún dì mọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú sílẹ̀ wàyí, ká bọ́ sórí etí.

Bí Orò bá fẹ́ jáde, wọ́n á kéde, ìlú á pa rọ́rọ́, obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú. Kí ni ẹni tó wà nínú ilé ń rí? Ògiri. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn kan tó ń ròkè tó ń rodò, tó ń súnmọ́ tó tún ń jìnnà, kò sì mọ ìgbà tí yóò dé ẹnu ọ̀nà òun. Mo ti wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyá mi àgbà lábúlé nígbà tó ń kọjá. Ìyá tó ti ń gbọ́ ohùn yẹn láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n lórí èjìká mi. Mi ò tàbùkù ìṣẹ̀ṣe o, awo ni awo ń jẹ́. Mo kàn ń sọ pé ẹ̀kọ́ tí ìyá àgbà mi ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, inú ìyà ni Steven Spielberg ti wá kọ́ ọ ní ọdún 1974.

Ó ń ya Jaws lọ́wọ́, ìtàn àkurákudà, ẹja ńlá tó ń pa àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ létí òkun. Wọ́n fi irin àti rọ́bà ṣe ẹja náà, wọ́n sọ ọ́ ní Bruce, orúkọ lọ́yà Spielberg. Wọ́n kó o lọ sí erékùṣù Martha's Vineyard ní Amẹ́ríkà. Omi iyọ̀ wọnú ẹ̀rọ, Bruce kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 55 ni wọ́n ṣètò, ọjọ́ 159 ni wọ́n lò. Ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, owó ń lọ, iṣẹ́ fẹ́ bọ́, ẹja rẹ̀ sì ti dòkú irin. Ó wá ń ya omi. Ó gbé kámẹ́rà sí ọ̀gangan ojú omi, tí omi ń gbá a lẹ́nu, kó lè dà bíi pé àwa náà ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ ta ẹja náà ní ọ̀kọ̀, àgbá yẹ́lò tí wọ́n so mọ́ ọ̀kọ̀ ló ń sáré lójú omi, a kò rí ẹja. Ibi tó kù, John Williams ló fi orin dí i. Ohùn méjì ni, méjì péré, tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Nígbà tí Williams kọ́kọ́ fi dùùrù tẹ̀ ẹ́ fún un, Spielberg rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó lé ní wákàtí kan nínú fíìmù náà kí a tó rí ẹja ọ̀hún kedere.

Ibí yìí ni kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti yọ bírò. Spielberg fi òfin lélẹ̀ fún etí wa: bí ohùn méjì yẹn bá ń dún, ẹja ń bọ̀. Ó tún un ṣe títí ó fi mọ́ wa lára. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí èrò kún etíkun, wọ́n rí lẹbẹ ẹja lójú omi. Ariwo ta, ènìyàn ń gun orí ènìyàn. Orin kò dún. Àwọn ọmọ méjì ló fi páálí ṣe lẹbẹ, wọ́n ń ṣeré. Ẹni tó fetí sílẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú ọlọ́pàá. Òfin náà dúró, olùdarí kò purọ́ fún wa, a wá fọkàn tán an. Nígbà tó yá, Brody tí í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá wà lórí ọkọ̀ ojú omi, ó ń bu ẹran òórùn sómi, ó ń ráhùn bí òṣìṣẹ́ tí wọn ò san owó oṣù fún. Kò sí orin. Ara tù wá. Orí ẹja náà yọ gbàǹgbà lẹ́yìn rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun báláú.

Ó ti rú òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà yẹn títí fíìmù fi parí, bí orin bá dún, ẹ̀rù. Bí orin bá dákẹ́, ẹ̀rù. Kò síbi tí etí lè sá sí. Bí ó bá jẹ́ pé òfin yẹn kò fìdí múlẹ̀ tẹ́lẹ̀, rírú rẹ̀ kì bá tí já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fẹ́ rú òfin tí a kò tíì fi kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì nípa etí, kó gbọ́ ti John Carpenter. Ó ṣe Halloween ní ọdún 1978 pẹ̀lú nǹkan bí $300,000, owó ọtí ni lójú àwọn ará Hollywood. Kó tó fi orin àti ìró sí i, ó fi fíìmù náà han obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kan. Ẹ̀rù kò ba ìyá náà rárá. Carpenter padà lọ sílé, ó kọ orin náà fúnra rẹ̀. Ìlù márùn-ún márùn-ún ni, tí bàbá rẹ̀ ti fi ìlù bongo kọ́ ọ lọ́mọdé. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fẹsẹ̀ rìn sí i. Mẹ́rin ni ẹsẹ̀ yín ń fẹ́ kà, ìlù á tún fi ọ̀kan kún un, bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn yín tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò bá tiyín dọ́gba. Àwòrán kan kò yí padà nínú fíìmù yẹn. Ìlù náà ló ń lé àwọn ènìyàn wọ abẹ́ àga.

Ti Psycho náà, Hitchcock kò fẹ́ orin kankan sí ìran balùwẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bernard Herrmann tó ń bá a kọ orin ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó kó àwọn ohun èlò olókùn nìkan jọ, fayolíìnì tí í ṣe àbúrò gòjé àti àwọn ìyókù wọn, ó jẹ́ kí wọ́n máa ké. Nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ, ó gbà. Ní ọdún 2010, Daniel Blumstein, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì California ní Los Angeles, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ìró inú fíìmù. Igbe àwọn ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní marmot ló ti ń kọ́ bọ̀. Ohun tó rí ni pé ohùn tó ya, tó fọ́, bí ìgbà tí ẹranko bá ń ké lẹ́nu ẹni tó fẹ́ pa á, òun ló ń wọ́pọ̀ nínú fíìmù adẹ́rùbani. Ẹ̀yin ìyá ọmọ kò nílò yunifásítì fún èyí. Igbe ebi yàtọ̀ sí igbe kan tó máa ń gbé yín dìde lóru kí ojú yín tó là.

Bóyá ọ̀rọ̀ ìṣó ni kí n fi kún un, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nínú A Quiet Place, tí John Krasinski darí ní ọdún 2018, àwọn ẹ̀dá kan wà tí wọn kò ríran, ṣùgbọ́n etí wọn mú bí abẹ. Ẹni tó bá dún pẹ́ẹ́ ti kú. Bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ń rìn láìwọ bàtà, wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìyá náà lóyún. Ó ń fa àpò aṣọ gòkè lórí àtẹ̀gùn, àpò kọ́ ìṣó kan, ìṣó náà nàró ṣóńṣó. Kò mọ̀. Àwa rí i. Bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì nìyẹn, kò tó náírà ogún lọ́jà. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ èyíkéyìí tó bá ti kan àtẹ̀gùn yẹn, àwa là ń ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa kò. Nígbà tó sì tẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, ìrọbí ti mú un, kò sì gbọdọ̀ ké. Mo wò ó ní sinimá, gúgúrú wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Gbogbo wa la dákẹ́ bí ẹni tí àwọn ẹ̀dá yẹn wà ní gbọ̀ngàn pẹ̀lú wa.

Ní ti àyà jíjá, mi ò kórìíra rẹ̀ o. Ní ọdún 1942, Val Lewton, tó ń ṣe fíìmù olówó kékeré fún ilé-iṣẹ́ fíìmù RKO, gbé Cat People jáde. Jacques Tourneur ló darí rẹ̀. Obìnrin kan ń dá rìn lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ńlá kan, òmíràn ń tẹ̀lé e, a sì ti ń fura pé ẹni tó ń tẹ̀lé e yìí lè di ẹkùn. Bàtà méjì ń dún kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì. Bàtà kan dákẹ́. Ti iwájú bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó ń yára, ewé ń mì lókè odi. Nǹkan kan wá kùn ṣììì lójijì bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ ọn. Bọ́ọ̀sì ni! Ó dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Àwọn tó tẹ̀lé Lewton ti lo bọ́ọ̀sì yẹn títí táyà rẹ̀ fi jẹ tán. Ológbò ló ń fò jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù lónìí, ọ̀rẹ́ ló ń fọwọ́ gbá ọ̀rẹ́ léjìká lọ́la. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n jí, wọn ò jí bàtà méjì tó ń dún ṣáájú rẹ̀, àti èyí tó dákẹ́.

Ojú náà ní tirẹ̀. Nínú Halloween tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọbìnrin tí apànìyàn oníbòjú ń lé fara ti ògiri, ó ń sunkún, ẹnu ọ̀nà yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ṣókùnkùn biribiri. Dean Cundey tó ń bójú tó kámẹ́rà gbé iná kékeré kan síbẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbòjú funfun kan wá ń yọ láti inú òkùnkùn, kò rìn, kò mira, ńṣe ló dà bíi pé ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀ tí ojú wa kò tètè mọ̀ ọ́n. Oren Peli ní tirẹ̀ ya Paranormal Activity, tó kọ́kọ́ hàn ní ọdún 2007, nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú bí $15,000. Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní yàrá, tọkọtaya ń sùn, aago ń ka wákàtí nísàlẹ̀. Kámẹ́rà kò kúrò lójú kan. Nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ ibi tí a ó wò fún wa, a ń wo gbogbo ibẹ̀: ilẹ̀kùn, kọ́tìnnì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ilẹ̀kùn bá fi ìwọ̀n ìka kan sún, gbogbo sinimá á pariwo. Ìka kan péré! Ẹ fi wé ẹni tó fi mílíọ̀nù ṣe iwin orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má bínú sí mi. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, òkú kò tíì tutù tán tí wọ́n fi ń gbé e jáde. Òwú wà nímú, àtíkè wà lójú, ẹ̀rọ ti sọ ohùn rẹ̀ di ohùn méjì, ìlù sì ti lu gbàgàgà kó tó yọ, bí alágbe tó ń kéde ìjòyè. Òǹwòran mọ̀ pé ó ń bọ̀, ó rí i, ó tán. Bẹ́ẹ̀ àwa la ni àkúdàáyà! Ẹ jẹ́ ká fi ṣe bọ́ǹbù wa. Ọkùnrin kan kú ní Ìbàdàn, wọ́n sin ín. Ẹ fi ìsìnkú hàn mí ní ìṣẹ́jú kìíní, ẹ fi ojú rẹ̀ hàn mí dáadáa, ẹ fi àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀ hàn mí. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ọkùnrin tó ní àpá ní àgbọ̀n ń ta aṣọ ní Ṣakí, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn àgbà sọ: bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rí i, yóò pòórá. Ìyàwó kò mọ nǹkan kan.

Ó wá di ọjọ́ ọjà. Ọkọ lọ jẹun lẹ́yìn ìsọ̀, ìyàwó ń na aṣọ fún oníbàárà kan. "Ìyá, ohùn yín jọ ti ará Ìbàdàn." "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, Ọjáàbá gan-an ni ilé wa." "Ha! Ọmọ Ọjáàbá ni bàbá àwọn ọmọ mi náà o. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n pè é wá kí yín."

Ó ti dìde. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń lọ pe ọkọ rẹ̀.

Ẹ sọ fún mi, ta ló nílò òwú nímú níbẹ̀? Ta ló nílò ìlù? Ìyá oníbàárà jókòó, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ó ń yẹ aṣọ wò. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró sára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọkọ lẹ́yìn ìsọ̀ pé, "Ta ló ń bèèrè mi?" Bí ẹ bá sì mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kékeré sunkún lọ́hùn-ún, kí bàbá kọ́kọ́ lọ gbé e. Ìyá àgbà á dìde, á ní òun ń lọ, ilẹ̀ ti ṣú. Ìyàwó á ní, "Ẹ dákun, ó ti ń bọ̀." Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Hitchcock, ó wà ní ìsọ̀ aláṣọ, owó tí ẹ ó fi yà á kò sì tó owó tí wọ́n fi ń ṣe ìkómọ.

Ṣé kó pòórá àbí kó má pòórá? Ẹ̀yin ni ẹ ó yàn. Ẹ rántí ọmọ inú bọ́ọ̀sì London, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ọmọbìnrin kan ti nawọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́ sókè. Ó ń bi mí bóyá ẹ̀rù máa ń ba olùdarí fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ìṣó náà nígbà tí wọ́n ń fi òòlù kàn án. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni kí sinimá kún, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí ẹnì kan sì wá hanrun. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé bí a bá ń dán fíìmù wò, kí wọ́n kẹ̀yìn sí ojú sinimá, kí wọ́n máa wo ojú àwọn òǹwòran. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sẹ́nu tí kò rántí gbé e kúrò, ẹ kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀.

Ó tó báyìí. Ẹ ṣeun, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀gbọ́n wa níwájú fẹ́ sọ̀rọ̀? Ẹ gbà, sà.

"Ọmọkùnrin tí ẹ ní ó fẹ́ gbá ilẹ̀kùn ńkọ́? Látìgbà tí ẹ ti sọ ọ́, mi ò gbádùn ẹ̀yìn ọrùn mi."

Ẹ má bínú, sà. Mi ò rán ẹnì kankan.